Ohun Tó Wà Lábẹ́ Ilẹ̀ Yàrá Kẹta

Ó ti tó kí òtítọ́ yìí jáde. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé e mì bí ẹni tó gbé eegun ẹja mì, ṣùgbọ́n ó ti há mi lọ́fun báyìí, kò lọ sísàlẹ̀, kò bọ̀ sókè. Dókítà ní kíndìnrín mi méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀. Bí mo bá kú láìsọ ọ́, irọ́ ni wọn yóò kọ sí ara pátákó ibojì mi, wọn yóò ní bàbá rere ló lọ, àwọn ará àdúgbò yóò sì máa mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Nítorí náà mo ní kí Olúwatósìn ọmọ mi mú bírò àti ìwé, kó jókòó tì mí, kó kọ gbogbo ohun tí mo bá sọ, kó má sì bu iyọ̀ sí i nítorí pé èmi ni bàbá rẹ̀. Èmi fúnra mi kò lè kọ ọ́. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ẹ ó gbọ́ ohun tó ń gbọ̀n ọ́n kí n tó dákẹ́.

Èmi ni Ọlábámijí, ọmọ Ìsẹ́yìn, tí gbogbo Ìkòsì ń pè ní Bàbá Wáyà. Ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ tí mo ti ń fa wáyà iná sínú ilé onílé ní Kétu, ní Alápẹ̀rẹ̀, títí dé Gbàgádà. Iṣẹ́ náà ni mo fi kọ́ ilé oníyàrá mẹ́jọ tí mo dùbúlẹ̀ sí yìí. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe àìmọ̀kan ló pa mí. Ìgbéraga ni. Ẹni tí kò mọ̀ tó ṣẹ̀, a lè ní kó máa lọ. Ẹni tí wọ́n kọ́ lójú gbogbo ayé, tó gbọ́, tó yé e yékéyéké, tó wá lọ ṣe é, orúkọ wo ni ẹ fẹ́ pe ìyẹn?

Ó di ọdún keje báyìí tí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Fikáyọ̀ wá bá àwa onílé àdúgbò ní ìpàdé wa. Ó ń bá àwọn kan ṣiṣẹ́ tí wọ́n ń kó ohun èlò iná tó ti bàjẹ́ káàkiri Èkó. Ìgbà yẹn gan-an ni àwọn èèyàn ń yọ ọ̀pá iná funfun gígùn tí a ń pè ní fulọrẹ́sẹ́ǹtì kúrò nínú ilé wọn, tí wọ́n ń fi gílóòbù tuntun tí kì í jẹ iná púpọ̀ rọ́pò rẹ̀. Kò síbi tí ojú kì í ti í rí àwọn ọ̀pá náà: lẹ́nu gọ́tà, lórí ààtàn, lọ́wọ́ àwọn ọmọdé tí wọ́n ń fi í jà bí idà títí yóò fi bú gbàù. Fikáyọ̀ dìde, ó kúnlẹ̀ kí wa, ó ní, “Ẹ̀yin Daddy, ẹ̀yin Mummy wa, nǹkan kan wà nínú ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní mẹ́kúrì. Tó bá wà lódidi, kò sí problem. Tó bá ti fọ́ báyìí, ó máa di afẹ́fẹ́. Ẹ ò ní rí i, ẹ ò ní gbóòórùn ẹ̀, but ẹ máa fà á símú. Àwọn ọmọ kéékèèké ló máa ń mú jù, torí ilẹ̀ ni wọ́n máa ń wà.” Ó ní ká má jù ú sínú pàǹtí, ká má sun ún níná. Ká tọ́jú rẹ̀ lódidi sínú páálí, àwọn yóò wá fi ọkọ̀ gbé e lọ síbi tí ẹ̀rọ ti ń ya gíláàsì sọ́tọ̀, tó ń ya irin sọ́tọ̀, tó sì ń fa mẹ́kúrì náà jáde kí wọ́n lè tún gbogbo rẹ̀ lò.

Nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ fún àdúgbò, gbogbo ojú yí sí ọ̀dọ̀ mi. Ta ni ì bá tún jẹ́? Mo ní yàrá kan tó ṣófo, yàrá kẹta lọ́wọ́ ọ̀tún, tí ilẹ̀ rẹ̀ ti rì tí ẹnikẹ́ni kò lè gbé inú rẹ̀. Inú mi dùn, orí mi wú. Mo gba ọ̀pá kan lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà láti fi han àwọn èèyàn bí àwa oníṣẹ́ iná ṣe ń mú un, àfi ìgbà tí ó kọlu ẹsẹ̀ àga, tó sì fọ́ yángá sílẹ̀ níwájú Alága ìpàdé wa. Mo kígbe pé kí wọ́n bá mi mú ìgbálẹ̀ wá. Fikáyọ̀ fò dìde. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a! Ó máa fọ́n ká ni. Ẹ jẹ́ ká ṣí fèrèsé, kí gbogbo wa kọ́kọ́ bọ́ síta ná.” Gbogbo ìpàdé tú jáde, àti Alága àti àwọn ìyá àgbà. Nígbà tí a padà wọlé, ó fi páálí kó àfọ́kù náà, ó fi sẹ́lótéèpù mú lẹ́búlẹ́bú funfun tó kù nílẹ̀, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú ìgò, ó sì dé e pa. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn wá ní, “Bàbá Wáyà, ọmọ yìí ti di ọ̀gá yín o!” Ni gbogbo ilé bá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹnu nìkan ni mo sì fi rín in. Ẹ̀rín ọjọ́ náà ló bí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Wọ́n ń sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Èmi náà máa ń pa òwe yẹn fún ẹlòmíràn dáadáa. Fikáyọ̀ bá mi dé ilé lọ́jọ́ náà, ó wo yàrá kẹta, ó sì fi bírò kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti ń tan iná. “Bàbá, tó bá ti kún, ẹ kàn pè mí. Ẹ má jẹ́ kó pọ̀ jù.” Ẹ̀ẹ̀mejì ló wá kó o. Nígbà kẹta, àwọn ará Magodo kan pààrọ̀ iná ilé wọn, wọ́n sì kó tiwọn náà wá bá mi. Ọ̀pá iná kún yàrá náà dé àjà, yóò tó ọ̀ọ́dúnrún. Ó yẹ kí n pè é. N kò pè é. Ó pè mí lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ń wo fóònù náà títí tó fi dákẹ́. Mo fẹ́ kó wá bẹ̀ mí. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà ọgọ́ta ọdún: mo fẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n wá bẹ̀ mí nítorí pé ó sọ òótọ́.

Inú ipò yìí ni mo wà tí Olúwadàmọ́lá fi wá yalé. Ọ̀dọ́mọkùnrin ìwọ̀nba ni, Mile 12 ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń já tòmátì sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ òkè Ọya. Ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́ Lará, ó ń ta ìpara ní ọjà Kétu. Wọ́n ní ọmọbìnrin kan, Ọpẹ́, ọmọ oṣù méje, tó ń fi ìdí wọ́ káàkiri tó sì ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo èèyàn. Onílé wọn àtijọ́ fẹ́ wó ilé rẹ̀, wọ́n sì ní láti kó jáde. Lará kúnlẹ̀ níwájú mi. “Daddy, ẹ ṣàánú wa. Ibi yòówù kó jẹ́, ẹ jẹ́ ká ráyè forí pamọ́ sí kí Saturday tó dé.” Àánú ṣe mí lóòótọ́, n kò purọ́ ìyẹn. Mo ní yàrá náà yóò ṣetán ní Sátidé.

Ní ọjọ́rú, mo ránṣẹ́ pe Ṣàràfá, ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ bíríkìlà. Ó wo ilẹ̀ tó rì náà, ó ní ó ń fẹ́ ohun tí a óò fi kún un kí a tó rẹ́ ẹ. Ẹni tó bá kọ́lé sí Ìkòsì mọ ohun tó ń sọ. Irà ni ilẹ̀ wa, ó sì ní ọ̀fun. Gbogbo ohun tó bá ti le la fi ń bọ́ ọ: àfọ́kù bíríkì, àfọ́kù ìgò, àwo tó ti sán, kódà pàǹtí. Bí bàbá ẹni ṣe kún tiẹ̀ nìyẹn, bí a ṣe ń kún tiwa nìyẹn. Mo wo ilẹ̀, mo wo àwọn páálí ọ̀pá iná. Mo ní, “Ṣàràfá, a ti rí ohun tí a máa fi kún un.” Èmi ni mo sọ ọ́, kì í ṣe òun. Ó fi ọwọ́ họ orí. “Ọ̀gá, ṣé kì í ṣe èyí tí ọmọbìnrin yẹn ní ká má fọ́?” Mo ní, “Ọmọ àná! Ìgbà tí mo ti ń fọ́ gílóòbù, ìyá rẹ̀ kò tíì mọ bàbá rẹ̀.” Ṣàràfá rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì parí.

A ti ilẹ̀kùn, a ti fèrèsé pa, nítorí bí ọ̀pá náà ṣe ń bú, Alága tí ilé rẹ̀ kò jìnnà ì bá gbọ́. Ẹ wò ó, mo mọ̀ pé ohun tí mo ń ṣe kò dára. Ẹni tí kò mọ̀ kì í ti fèrèsé. A ń kó wọn sínú àpò sìmẹ́ǹtì, a ń fi ọmọ odó gún un láti àárọ̀ títí oòrùn fi yí. Lẹ́búlẹ́bú funfun bò wá bí ẹni tó ń lọ èlùbọ́. Nígbà tí a fi máa ṣe tán, ẹnu mi ti ń ta bí ẹni tó lá owó idẹ, Ṣàràfá sì ń wúkọ́. A da àfọ́kù náà sínú ilẹ̀ tó rì, a da yanrìn díẹ̀ lé e, a sì rẹ́ ẹ ní sìmẹ́ǹtì. Sìmẹ́ǹtì náà kò nípọn ju ìka ọwọ́ lọ. Èyí tó kù nílẹ̀, ìgbálẹ̀ ni mo fi gbá a.

Ní Sátidé, a ti tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà sí i. Lará bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó rìn yí yàrá ká. “Daddy, ilẹ̀ yìí mà dán o! Ọlọ́run á tún tiyín náà ṣe.” Ó sọ Ọpẹ́ kalẹ̀ kó máa rá. Mo ní àmín.

Oṣù kan àbọ̀ kò tíì pé tí ẹkún ọmọ náà fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo èèyàn wá di ẹni tí kì í sùn, tí kì í jẹ́ kí ará ilé sùn. Ó ń làágùn bí ẹni tó jókòó sídìí ààrò. Kò fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀, abẹ́ àga ló máa ń fi ojú pamọ́ sí. Nígbà tó yá, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n bí edé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ̀, awọ ibẹ̀ sì ń ṣí. Ó ti ń gbìyànjú láti dìde dúró tẹ́lẹ̀. Ó tún padà di ọmọ tí a ń fi ìrọ̀rí tì. Àwọn ayálégbé ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ní àkókò yẹn náà ni Ṣàràfá wá bá mi. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, kò lè fi irin bíríkìlà rẹ́ ògiri kó gún mọ́. “Ọ̀gá, ṣé kì í ṣe nǹkan tí a fọ́ yẹn?” Mo ní kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́, pé ogógóró ló ń gbọ̀n ọ́n lọ́wọ́. Ó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tó yá. N kò wádìí rẹ̀ wò rí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Lará dé láti ilé ìwòsàn, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà mi pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ojú rẹ̀ ti wú. “Daddy, wọ́n ti rí i. Wọ́n ní mẹ́kúrì ló wà nínú ara ọmọ mi.” Ó ní, “Dókítà ní ọṣẹ àti kírímù tó ń bó ara máa ń ní in nínú. Mo ní mi ò fi nǹkan kan bẹ́ẹ̀ pa á. Wọ́n wá ní ó tún lè jẹ́ gílóòbù tó fọ́. Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ṣé gílóòbù kankan ti fọ́ nínú yàrá yẹn rí, kí a tó dé?” Ọmọ náà gbé orí lé e lẹ́yìn, ó ń wò mí. Mo ní rárá. Ọ̀rọ̀ kan péré. Bí mo bá ti sọ “bẹ́ẹ̀ ni” lọ́jọ́ náà, wọn ì bá ti kó jáde kí ilẹ̀ tó ṣú, n kì bá sì ní ohunkóhun tó pọ̀ láti jẹ́wọ́ lónìí. Olúwatósìn, má sunkún sórí ìwé náà. Kọ ọ́.

Èyí tó burú jù ló kàn. Ìyá Dàmọ́lá gbọ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ó sì gbéra wá. Ọjọ́ Àìkú ni, lẹ́yìn ìsìn, gbogbo wa jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Obìnrin náà gbà tẹ́lẹ̀ pé òwò ìpara tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń ṣe kò dára, dókítà sì ti wá fún un ní ohun tó ń wá. “Ó fẹ́ bó ọmọ ọmọ mi kó lè pupa bí òyìnbó! Ó fi ọmọ ṣe sample ọjà!” Ilẹ̀ ni Dàmọ́lá ń wò. Lará gbé abọ́ ọjà rẹ̀ jáde, ó da gbogbo ìpara inú rẹ̀ sílẹ̀ níwájú wa. “Ẹ wò ó, gbogbo ohun tí mo ń tà nìyí. Òróró àgbọn nìkan ni mo fi ń pa Ọpẹ́. Nọ́ọ̀sì tiẹ̀ ní àwọn máa wá wo yàrá wa lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Daddy Tósìn, ẹ máa ń rí mi láràárọ̀ tí mo bá ń wẹ̀ ẹ́ lẹ́bàá kànga. Ẹ bá mi sọ ọ́.” Ni ìyá Dàmọ́lá bá kọjú sí mi. “Ẹ̀yin lẹ ni ilé, ẹ̀yin lẹ dàgbà níbí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kí lẹ rí?”

Mo rí òróró àgbọn. Láràárọ̀ ni mo ń rí i, nínú ìgò kékeré, mo sì mọ òórùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé nọ́ọ̀sì ń bọ̀ wá wo yàrá, mo sì rí i lọ́kàn mi bí wọn yóò ṣe ká kápẹ́ẹ̀tì, tí wọn yóò béèrè, tí Alága yóò dé, tí Fikáyọ̀ yóò dé, tí ẹ̀rín ọjọ́sí yóò tún padà wá. Mo nawọ́ sí ike pupa kan láàrin àwọn ìpara tó wà nílẹ̀. Mo ní, “Èyí ni mo máa ń rí lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló fi ń pa ọmọ náà. Mo tiẹ̀ ti bá a wí lẹ́ẹ̀kan, kò gbọ́.” Irọ́ lásán kò tó mi, mo tún fi òpó gbé e ró.

Lará kò pariwo. Ó kàn wò mí, ó ní, “Daddy, èmi?” Kó tó parí ọ̀rọ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ ti tú ọmọ kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n gbé Ọpẹ́ lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n sì ní kí ìyá rẹ̀ má tẹ̀ lé wọn. Ó sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ náà títí dé ojú títì. Nígbà tí nọ́ọ̀sì fi máa pè, Dàmọ́lá ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu mọ́, àwọn ti mọ ohun tó fà á. Dàmọ́lá kó ẹrù rẹ̀ kúrò kí oṣù tó parí, ìgbéyàwó náà sì tú ká.

Ẹ wá gbọ́ bí ayé ṣe ń bá òṣìkà ṣe nígbà mìíràn. Ara ọmọ náà yá. Kò pé oṣù mẹ́ta ní Ìjẹ̀bú-Igbó tí ọwọ́ rẹ̀ fi jinná, ó ń sùn, ó dìde, ó rìn. Ara ta ni kò ní yá, nígbà tí wọ́n ti gbé e kúrò lórí ilẹ̀ mi? Ṣùgbọ́n ìyá Dàmọ́lá ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn: ẹ wò ó, láti ìgbà tí a ti gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ìwòsàn ọmọ náà ló wá di ẹlẹ́rìí tó dá ìyá rẹ̀ lẹ́bi. Àwọn oníbàárà sá fún Lará ní Kétu. Ó pa ìsọ̀ tì, ó lọ ń bá wọn fọṣọ ní Alápẹ̀rẹ̀. Mo ti rí i lẹ́ẹ̀kan lọ́nà, ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó ṣì kúnlẹ̀. Mo ti yàrá kẹta pa, mo ń sọ fún àwọn èèyàn pé òrùlé rẹ̀ ń jò.

Ọ̀sẹ̀ Àjíǹde tó kọjá, Dàmọ́lá gbé ọmọ náà wá kí mi. Ó ti di ọmọ ọdún méje, ó ga, eyín iwájú rẹ̀ kan ti yọ. Ó gbé àpò gààrí Ìjẹ̀bú kan dání. “Daddy, ìyá mi ní kí n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ká ní ẹ ò sọ òótọ́ ọjọ́ yẹn ni, ọmọ yìí ì bá má sí.” Mo gba gààrí náà. Bí a ṣe jókòó, ẹnì kan ti sọ fún Lará pé ọmọ rẹ̀ wà ní Ìkòsì, ó sì sáré láti Alápẹ̀rẹ̀ wá, bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́. Ó dúró sí àárín agbo ilé, ó na ọwọ́ méjèèjì. “Ọpẹ́. Èmi nìyí.” Ọmọ náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn. Ó ní, “Grandma ní kí n má jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kàn mí. Wọ́n ní ọwọ́ yín máa ń bó èèyàn.” Lará wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó nù ún mọ́ ìró rẹ̀, ó sì tún nà án. Ọmọ náà fà sẹ́yìn. Àpò gààrí wà láàrin ẹsẹ̀ mi, n kò sì la ẹnu.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ọjọ́ tèmi pé ní oṣù tó kọjá. Olúwatósìn bí ọmọkùnrin, ó sì fẹ́ wá lo oṣù díẹ̀ lọ́dọ̀ wa kí ìyá rẹ̀ lè máa bá a wẹ ọmọ. Ó ní, “Daddy, ẹ ṣí yàrá kẹta fún mi, ẹ ò kúkú lò ó.” Ìyá rẹ̀ ti rí kọ́kọ́rọ́, ó ti ṣílẹ̀kùn, wọ́n sì ti tẹ́ aṣọ ọmọ sílẹ̀. Mo figbe ta, mo sáré dìde, mo ṣubú sẹ́nu ọ̀nà. Mo ní wọn kò gbọdọ̀ gbé ọmọ náà wọ ibẹ̀. Tósìn bi mí pé, “Daddy, kí ló wà níbẹ̀?” Ibẹ̀ ni mo ti mọ irú ẹni tí mo jẹ́. N kò lè jẹ́ kí ọmọ ọmọ mi lo wákàtí kan nínú yàrá tí mo jẹ́ kí ọmọ Lará fi àyà fà fún oṣù márùn-ún.

Nọ́ńbà Fikáyọ̀ ṣì wà lára ògiri. Tósìn bá mi tẹ̀ ẹ́. Mo rò pé yóò bú mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ohun tó sì kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, “Bàbá, ta ló wà nínú yàrá náà báyìí?” Mo ní kò sí ẹnì kankan. “Ẹ ṣí fèrèsé rẹ̀ síta, ẹ ti ilẹ̀kùn, kẹ́nikẹ́ni má wọlé. Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò pè mí? Mo ní kí ẹ kàn pè mí.” Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun wọn yóò wá pẹ̀lú ìbòmú àti ìbọ̀wọ́, wọn yóò hú ilẹ̀ náà, wọn yóò sì kó ohun tí mo sin síbẹ̀ lọ síbi tó ti yẹ kó wà láti ọdún méje sẹ́yìn. Ìpè kan péré ló gbà. Ní ti ọwọ́ mi tó ń gbọ̀n, àti kíndìnrín mi, dókítà kò lè sọ gbogbo ohun tó fà á. Èmi mọ èyí tí mo rò. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá ilé ní, bí gílóòbù yín bá kú, ẹ fi páálí rẹ̀ bò ó, ẹ wá ẹni tó ń kó o. Bó bá fọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ gbé ọmọ jáde, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ sì ju ìgbálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ọmọ kékeré bá sì kọ́ yín ní ohun kan lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi yín rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kì í pa èèyàn.

Lará, n kò lè kúnlẹ̀ mọ́, àìsàn kò jẹ́. Bí o bá lè foríjì mí, kó jẹ́ lọ́jọ́ tó bá wù ọ́, bí n kò bá tilẹ̀ sí láyé mọ́. Dàmọ́lá, gààrí rẹ wà níbẹ̀, n kò jẹ ẹyọ kan nínú rẹ̀. Wá gbé e. Mú ìwé yìí lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó, kà á sí ìyá rẹ létí láti òkè délẹ̀. Lẹ́yìn náà, mú Ọpẹ́ lọ sí Alápẹ̀rẹ̀. Sọ fún un pé òróró àgbọn ni. Sọ fún un pé ọwọ́ ìyá rẹ̀ mọ́, ọwọ́ mi ni kò mọ́. Kí ó na tirẹ̀ jáde láti ẹ̀yìn, kí ìyá rẹ̀ dì í mú.